"Ọmọ ń ta gìrì" àti "gìrì mú ọmọ": ṣé ọ̀kan náà ni?

Oníbéèrè, Òkèfìà

Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Tí ìlẹ̀kùn bá gbá, tàbí tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ lójijì, á ju apá méjèèjì síta, á tún kó wọn jọ sáyà, nígbà mìíràn á ké díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní "ọmọ ń ta gìrì". Ìyá àgbà gbọ́ "gìrì", ló bá ní kí wọ́n tètè lọ ra àgbo. Ilé ti pín sí méjì. Kí ni "ta gìrì" gan-an, ṣé ó yàtọ̀ sí gìrì tó ń mú ọmọdé? Ẹ má kàn sọ fún mi pé bí oníkálukú bá ṣe ń lò ó ni o.

———

Olùkọ́ Yorùbá, Ayétòrò

Ó yàtọ̀. "Ta gìrì" ni kí ara fò lẹ́ẹ̀kan nítorí ohun tó dé bá èèyàn lójijì: ariwo, ọwọ́ tútù, ìròyìn, ẹni tó yọ síni láti ẹ̀yìn. Kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti tán. "Gìrì" tó dá dúró ní tirẹ̀, àìsàn ni: ara ọmọ á gan, ojú á yí sókè, apá àti ẹsẹ̀ á máa jà.

Ẹ wo ẹni tó ń ṣe é nínú gbólóhùn. "Ọmọ ta gìrì": ọmọ ló ṣe é. "Gìrì mú ọmọ": gìrì ló ṣe é, ọmọ kàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Yorùbá ti pín in fún wa tẹ́lẹ̀, àwa la tún ń dà á pọ̀.

Ohun tó dá ìjà ilé yín sílẹ̀ ni "ń" kékeré yẹn. "Ọmọ ta gìrì" jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. "Ọmọ ń ta gìrì" lè jẹ́ pé ó máa ń ṣe é bí ìlẹ̀kùn bá gbá, ó sì lè jẹ́ pé ó ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí tí kò dáwọ́ dúró. Ti àkọ́kọ́ ni ìyá ọmọ sọ, ti ìkejì ni ìyá àgbà gbọ́. Ká ní ó sọ pé "ọmọ yìí máa ń ta gìrì bí ariwo bá ta", kò ní sí wàhálà.

———

Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba

Olùkọ́, ti ìwé lẹ ń sọ yẹn. Ní ibi tí a ti ń ta ewé àti egbò, kò sí oníbàárà tó ń tò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní "ọmọ yìí ń ta gìrì lóru", ó sì lè jẹ́ pé àlá ló lá. Wọ́n á ní "gìrì ni", ó sì lè jẹ́ pé òtútù ló mú un tó ń gbọ̀n. Orúkọ tí wọ́n pè é kọ́ ni ẹni tó mọṣẹ́ ń gbọ́, ìbéèrè ló ń bi wọ́n: ṣé ara ọmọ gbóná? Ṣé ojú rẹ̀ yí? Nígbà tó ṣe é tán, ṣé ó mọ ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àbí ó sùn lọ bí ẹni tí wọ́n lù? Ẹni tí kò bá béèrè mẹ́ta yìí, kò yẹ kó ta nǹkan kan fún ọlọ́mọ.

Ìyá àgbà yẹn ò ṣe àṣejù. Ojú rẹ̀ ti rí gìrì rí ni.

———

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Òkè-Baálẹ̀

Òótọ́ lẹ sọ nípa ìbéèrè, Ìyá Ìbejì. Mo máa fà wá yapa níbi àgbo, ẹ dúró ná. Ohun mẹ́rin ni àwọn ìyá ń kó sábẹ́ "ta gìrì", ìtọ́jú wọn ò sì jọra rárá.

Ti ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ta gìrì gidi ni. Ìlera ni. Bí ariwo bá ta tàbí tí orí ọmọ bá yẹ̀ sẹ́yìn, á ju apá síta, ìka á ṣí, á wá kó apá bọ̀ bí ẹni fẹ́ dì mọ́ nǹkan. Inú ikùn ló ti bá a wá. Láti bí oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló máa ń lọ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń gbé e sílẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí rẹ̀ ró títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ibùsùn, kí ẹ tó rọra yọ ọwọ́. Ẹ ó rí i pé kò ní ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló yẹ kó mú yín lọ fi han dókítà: tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ń jù, tí ìkejì dùbúlẹ̀ (eegun èjìká tàbí iṣan lè ti fara pa nígbà ìbí), àti tó bá kọjá oṣù mẹ́fà tó ṣì ń ṣe é.

Ìkejì ni ìgbọ̀n. Àgbọ̀n ọmọ á máa gbọ̀n, ọwọ́ á máa gbọ̀n, pàápàá tó bá ń sunkún. Ẹ rọra di ọwọ́ náà mú. Tó bá dúró, ìgbọ̀n lásán ni. Tí ọmọ bá ń gbọ̀n ṣáá tí kò sì mu ọmú dáadáa, ẹ gbé e wá kí a wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Gìrì tòótọ́ ni ìkẹta. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni ti ibà sábà máa ń mú. Ara á gan, apá àti ẹsẹ̀ á wá máa jà, tí ẹ bá di ọwọ́ náà mú á ṣì máa jà lọ́wọ́ yín. Ẹ pè é, kò dáhùn. Èyí tó pọ̀ jù ń tán kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ á wá sùn. Ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ní irú ti ibà yìí, nítorí náà tí ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta bá gan lóòótọ́, wákàtí yẹn náà ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí wọ́n fi ohun ìdọ̀tí tọ́jú ìdodo rẹ̀, tí kò lè mu ọmú mọ́, tí eyín àti àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, tí ara rẹ̀ ń gan bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, tẹ́tánọ́ọ̀sì ni ká kọ́kọ́ fura sí.

Ìkẹrin ló ń bà mí lẹ́rù jù nítorí orúkọ yìí gan-an. Ọmọ oṣù mẹ́ta sí ọdún kan, tó jí lójú oorun, tí kò sí ariwo, tí ara rẹ̀ ò gbóná, á tẹrí ba lójijì, apá á ṣí, á dẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan á tún ṣe é, á tún ṣe é, bí ẹni ń ka nǹkan. Ilé á ní "ó ń ta gìrì", wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ta gìrì. Láti inú ọpọlọ ló ti ń wá, bó bá sì pẹ́ kó tó rí ìtọ́jú, ó ń dá ìdàgbàsókè ọmọ padà sẹ́yìn. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ kí ẹ gbé e wá lọ́jọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì. Fídíò ìṣẹ́jú kan sàn fún dókítà ju "ó kàn ń ta bákan" lọ.

———

Ọmọ Àyàn, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun

Ohùn ló ya àwọn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí ìlù fi hàn yín. Ìyáàlù dùndún ò ní kọ́ńsónáǹtì, ohùn nìkan ló mọ̀. "Ta gìrì" jẹ́ re-dò-dò. "Múra gírí" jẹ́ mí-re-mí-mí. Tí ẹ bá fẹ́ lu "gìrì", ẹ tú ọwọ́ lára ọ̀ṣán (okùn ẹ̀gbẹ́ ìlù) pátápátá kí kọ̀ǹgọ́ (ọ̀pá ìlù) tó kan awọ, ẹ̀ẹ̀mejì. Tí ẹ bá fẹ́ "gírí", ẹ fún ọ̀ṣán mọ́ ẹ̀gbẹ́ títí, ẹ má dẹ̀ ẹ́ láàárín ìlù kìíní àti ìkejì.

Ibi tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń bà á jẹ́: ọ̀ṣán ṣì há sí i lọ́wọ́ díẹ̀, dò á di re, ìlù á wá sọ "ta giri". Kò sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Torí ẹ̀ la ò fi ń lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kalẹ̀. A máa fi gbólóhùn gígùn tó ti mọ́ etí àwọn èèyàn yí i ká.

———

Oníbéèrè, Òkèfìà

Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Olùkọ́, ẹ tún bá mi wo èyí: àwọn kan nínú ilé ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ni "ta kìjí", àwọn kan ní "ta gìjí". Àwọn kan ní "tají" ni. Èwo ni tọmọ?

———

Olùkọ́ Yorùbá, Ayétòrò

"Ta kìjí" àti "ta gìjí", ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu ló pín in. Ti ojú oorun ni wọ́n: ẹni tó sùn tó fò jí. Ẹni tó jókòó tó ń jẹun, tí ìkòkò já lẹ́yìn rẹ̀, kò ta kìjí, ó ta gìrì. "Tají" kàn jẹ́ jíjí ni, kò dandan kí ara fò. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ta lójijì bí ẹni já bọ́ láti orí àkàbà, tó wá là ojú sílẹ̀, "ta kìjí" ló bá a mu jù. Kò sí àìsàn níbẹ̀, gbogbo ayé ló ń ṣe é.

Èrò tèmi, tí àwọn kan lè má gbà: ohùn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń ṣe bí ohun tí wọ́n ń sọ. Kìjí, bìrí, fìrí: ìsàlẹ̀ lọ sókè, nǹkan kékeré tó yára. Ó yí bìrí. Mo rí i fìrí. Gìrì jẹ́ ìsàlẹ̀ méjì, ó wúwo, gbogbo ara ló wà níbẹ̀. Ẹyẹlé ò lè ta gìrì lójú tèmi. Fẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀.

Ẹ wo "ta" náà. Ta ọfà. Àkeekèé ta á. Ẹṣin ta á ní ìpá. Epo ta sí i láṣọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun tó yọ jáde lójijì láti ojú kan. Kò bá "tà" ọjà tan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ta iṣu" ń dún bákan náà. Ẹ fi "á" dán an wò: "akeekèé ta á" àti "ó tà á ní ẹgbẹ̀rún náírà". Ohùn á já a.

———

Ará Dùgbẹ̀

Ṣé "ta" yìí náà ló wà nínú Àtáọ́ja, oyè ọba Òṣogbo? Ó ṣe tán, ẹja fò jáde nínú odò.

———

Olùkọ́ Yorùbá, Ayétòrò

Rárá o. Àtẹ́wọ́gbẹja ni ìtàn ìlú wa sọ pé ó súnkì di Àtáọ́ja: ẹni tó tẹ́ ọwọ́ gba ẹja. "Tẹ́" ni. Bóyá ẹja yẹn ta gìrì kó tó bọ́ sọ́wọ́ ọba, èyí kò sí nínú orúkọ náà.

———

Mẹkáníìkì, Ọláìyá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti mọ́tò kún un, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sọ pé "mọ́tò mi ń ta gìrì". Àwa máa ń pín in báyìí. Tó bá fò lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ wọ jíà, tó sì dún gbì lábẹ́, ẹ́ńjìnì sítì ló ti já tàbí ló ti rọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì kó wọ jíà, ẹ ó rí ẹ́ńjìnì tó ń gbéra. Tó bá ń fò léraléra bí ẹ ṣe ń tẹ iná tó ń gun òkè, ẹ wo pílọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, àti fuel filter tó ti dí. Ẹ má tíì ra nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Pílọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, ó rọrùn jù, àwọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì sọ̀rọ̀: dúdú oníèéfín, epo ti pọ̀ jù tàbí iná ò dé ibẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tó ń mì wùrùwùrù, tàbí tí sìtíárì ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín bí ẹ bá dé ọgọ́rin sí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí, ìyẹn kì í ṣe ta gìrì. Ìgbọ̀n ni. Ti sìtíárì sábà máa ń jẹ́ pé táyà fẹ́ balancing. Oníbàárà tó bá pe ìgbọ̀n ní ta gìrì máa ná owó ẹ́ńjìnì sítì lórí ọ̀rọ̀ táyà. Ohun tí Nọ́ọ̀sì ń sọ nípa ọmọ náà ni mò ń sọ nípa irin yìí.

———

Oníròyìn rédíò, Òṣogbo

Ẹ ò tíì kan ti ìkéde. "Ìjọba, ẹ ta gìrì!" Ojoojúmọ́ là ń kà á. Ṣé ó tọ̀nà?

———

Olùkọ́ Yorùbá, Ayétòrò

Wọ́n ń lò ó, ó sì yé èèyàn, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ta gìrì lè padà sùn. "Ẹ jí gìrì sí ojúṣe yín" ló lágbára, torí ẹni tó jí gìrì ti kúrò lórí ẹní. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbára dì fún ohun tó ń bọ̀, "ẹ múra gírí" ni. Mo ti gbọ́ "ẹ múra gìrì" lẹ́nu agbóhùnsáfẹ́fẹ́ kan. Ọmọ Àyàn á ti fi kọ̀ǹgọ́ gbá a lórí.

"Gìrìgìrì" tún yàtọ̀: ìró ẹsẹ̀ púpọ̀ ni. *Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́; àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan.* Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, nígbà tí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, ń bọ̀, mọ ìró tí mò ń wí. Torí náà ẹni tó bá sọ pé "ọmọ ń ta gìrìgìrì", ó ti da ìró ẹsẹ̀ ọjà pọ̀ mọ́ ara ọmọ.

———

Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba

Àwa ń sọ "ta gìrìgìrì" o, Olùkọ́, a sì gbọ́ ara wa yé. Ó ta gìrì, ó tún ta gìrì, kí ló kù? Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wa.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ní ẹ máa fà wá yapa níbi àgbo. Mò ń retí.

———

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Òkè-Baálẹ̀

Ó dáa. Àgbo gìrì tí àwọn àgbà ń fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, áyù, àlùbọ́sà àti ẹfìnrìn pò, òun gan-an ti pa ọmọ tí gìrì ò bá pa. Tábà àti ìtọ̀ yẹn ń rọ èémí ọmọ sílẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọmọ á sùn, ilé á sì rò pé àgbo ti ṣiṣẹ́. Kódà omi lásán, tí ẹ bá dà á sẹ́nu ọmọ tí kò mọ ara rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Nígbà tí gìrì bá mú ọmọ: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀, ẹ tú aṣọ ọrùn. Ẹ wo aago. Ẹ má ti ṣíbí bọ ẹnu, eyín lẹ máa kán, kò sí ẹni tó ń gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ẹ má fi ata sí i lójú, ẹ má rì í sómi tútù, ẹ má fi agbára di apá rẹ̀ mú. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tó tún mú un lẹ́ẹ̀kejì, tí kò jí dáadáa, tàbí tí èémí rẹ̀ ń nira, ẹ máa gbé e lọ, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Kódà tó bá tán láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣì gbé e wá lọ́jọ́ yẹn ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, ká sì rí i pé kì í ṣe àìsàn awọ ọpọlọ.

———

Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba

Ti ìtọ̀ màlúù, mi ò bá yín jiyàn, èmi ò tà á. Ẹfìnrìn ọbẹ̀ ni mo ń tà. Ẹ kàn má fi mí kún àwọn tó yẹ ká kórìíra lọ́jà.

———

Ará Dùgbẹ̀

Ohun kan ṣẹ́kù: orí fóònù. Gbogbo yín ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ níbí, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ tí ìyá ọmọ máa fi ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ ní ìdájí ni "omo nta giri". Báwo ni bàbá á ṣe kà á?

———

Olùkọ́ Yorùbá, Ayétòrò

Kó má lo ọ̀rọ̀ náà rárá nígbà yẹn. Kó kọ ohun tó rí: "Ara e gan, oju e yi, mo pe e ko dahun, o to iseju meji." Tàbí: "Ilekun gba, o fo, o ti n mu omu." Kò nílò àmì ohùn kankan, kò sì sí ẹni tó máa ṣì í kà.

———

Oníbéèrè, Òkèfìà

Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè nílé. Ìyá àgbà ní kí n bá òun tún ti Nọ́ọ̀sì kà, ibi tó ti ní ariwo ló ń fà á. Ó dìde, ó ká àkísà mẹ́ta, ó fi okùn dè é mọ́ férémù ìlẹ̀kùn pálọ̀. Láti àárọ̀, ìlẹ̀kùn ò tíì gbá.